Ọrùn Tí Ń Ro Olùkọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá ń tẹ orí ba láti yẹ ìwé ọmọ 40 wò ní alaalẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní ọrùn ríro. Egungun 7 péré ni ó gbé orí dúró, orí náà sì tó kílò 5. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síwájú pẹ́, iṣan ẹ̀yìn ọrùn a le koko.

Bí ìrora náà bá ti kọjá oṣù 3, ẹ ti aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ fi ọwọ́ dán an wò kí ó má baà bó ara, kí ẹ wá gbé e lé ọrùn fún ìṣẹ́jú 15. Ooru a mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí iṣan ọrùn sì dẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtura yìí kì í pẹ́. Nítorí náà, kí ara tó tutù ni kí ẹ ṣe yógà, ìlànà àtijọ́ àwọn ará Íńdíà: ẹ gbé èjìká sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ rọra yí ojú sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà sí òsì, kí ẹ máa mí jẹ́jẹ́. (Ẹ má ṣe fi orí dúlẹ̀ bí ẹ ti rí i nínú àwòrán o!) Ní Essen ní ilẹ̀ Jámánì, a pín ènìyàn 51 tí ọrùn ń ro sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 9. Ìwádìí náà, tí ó jáde ní 2013, fi hàn pé ìrora àwọn tí ó kọ́ yógà dín ju ti àwọn tí ó dá ṣe eré ìdárayá nílé.

Ṣùgbọ́n bí ọrùn bá le lójijì pẹ̀lú ibà àti ẹ̀fọ́rí líle, ẹ má ṣe gbé omi ka iná rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti Kano tàbí ilẹ̀ Niger wá mọ àrùn yírùnyírùn tí ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé aláìsàn náà lọ ní wàràwéré.