Notice àti Realise: Ìyàtọ̀ Tó Wà Láàárín Wọn

Nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ wa ń kọ, wọ́n máa ń fi notice sí ibi tó yẹ kí realise wà, wọn a sì tún fi realise sí ipò notice. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé àwa Yorùbá a máa sọ pé "mo rí i pé" fún méjèèjì.

Notice ni kí ojú tàbí etí bá nǹkan pàdé, kí ènìyàn sì kíyè sí i. Realise ni kí ohun tí kò yé ènìyàn tẹ́lẹ̀ wá yé e. Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá yóò tètè mú un: notice sún mọ́ lahaza, tí ó tan mọ́ fífi ẹ̀gbẹ́ ojú wo nǹkan, realise sún mọ́ adraka, èyí tí í ṣe kí a lé nǹkan bá. Òun náà ni a ń lò fún ẹni tó pẹ́ dé ìdí ìrun ṣùgbọ́n tó bá lèmọ́mù ní rúkúù: ó ti lé rakah yẹn bá. Bẹ́ẹ̀ ni òye í lé ohun tí ojú ti rí bá. (Realise tí wọ́n ń lò fún owó tí a rí kó jọ, ìtumọ̀ mìíràn nìyẹn.)

Èmi fúnra mi ti ṣì í lò rí. Ilé-kéwú ni mo ti kàwé, kíláàsì alẹ́ ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fẹ́ kí bàbá ọmọ kan mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Mo kọ lẹ́tà sí i pé: I have realised that your son does not like learning. Ìyẹn ni pé mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ó sì ti yé mi pé ọmọ náà kò fẹ́ ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kejì, bàbá dé láti mú un lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ó ní, "Àfáà, kí lẹ rí gan-an?"

Mo ní ọmọ náà máa ń sùn ní kíláàsì. Bàbá dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní aago mẹ́rin òru ni ìyá rẹ̀ ń jí i láti bá òun lọ ẹ̀wà àkàrà.

Oorun nìkan ni mo rí. Ohun tó fà á kò tíì yé mi tí mo ti fi realise kọ lẹ́tà.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń tò wọ́n. A lè sọ pé I noticed him sleeping, nítorí ojú lè bá ènìyàn lójú oorun. A kì í sọ pé I realised him sleeping. Ohun tí a ó sọ ni I realised that he was tired. Ẹni tó fi z kọ realize kò ṣì í, kó ṣáà má pa z pọ̀ mọ́ s nínú ìwé kan náà.

Ọmọ náà kò kúrò lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń bá ìyá rẹ̀ lọ ẹ̀wà lẹ́yìn náà. Lẹ́tà tó yẹ kí n kọ kò sì ju báyìí lọ: I noticed that your son sleeps in class.