Àwọn Àmì Tí Ń Tọ́ni Sọ́nà Nínú Ìwé

Bí àgbà bá ń pa àlọ́ lálẹ́, kò sí ọmọ tí yóò ní kí ó fi ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí ó bọ́ sí àárín. Ibi tí ìjàpá ti gbéra nílé ni a ó ti bá a lọ, títí yóò fi dé ibi tí ẹ̀tẹ́ bá a. Bí a ti ń ka ìtàn àròsọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn wà tí kì í ṣe àlọ́: ìwé ìmọ̀ ni, tí ń sọ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ìlera, ilẹ̀ ayé tàbí ìtàn ìlú. Ẹni tí ó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ yóò pẹ́ kí ó tó rí ohun tí ó ń wá, ó sì lè máà rí i rárá. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ èyí, nítorí náà ni ó ṣe fi àmì sí ọ̀nà: àkọlé, àkọlé kéékèèké, àwòrán àti ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, àwòrán ilẹ̀, àlàyé ọ̀rọ̀ líle, àti atọ́ka tí ó wà ní ẹ̀yìn ìwé. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí ọmọ ti mọ̀ wọ́n. Ó ṣeni láàánú pé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́, gbogbo kíláàsì ni í máa fi ohùn kan ka àyọkà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá sì dé ibi àwòrán, wọn a fò ó, nítorí pé àwòrán kò ṣe é kà sókè.

Ohun tí àìmọ̀ yìí lè fà kì í ṣe kékeré. Kí a fi ọmọ àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó wà ní ìwé karùn-ún ní abúlé kan ní ilẹ̀ Oǹdó. Ní àárín òjò, bàbá rẹ̀ ti oko dé pẹ̀lú èso kòkó mẹ́ta tí ara wọn ti di dúdú. Aládùúgbò kan wò wọ́n, ó mi orí, ó ní irú àrùn tí ìjọba torí rẹ̀ gé igi kòkó lulẹ̀ láyé àtijọ́ ni. Kí bàbá yára gé gbogbo igi tí ó wà létí odò kí ó tó ran ìyókù. Igi tí ó ń sọ yìí tó igba, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́rin sì ń bẹ lórí wọn.

Ọmọ náà ní ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ kan nínú àpò rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, ilẹ̀ yóò ṣú kí ó tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ni ó ṣí, níbi tí atọ́ka wà, tí a to àwọn ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ti tẹ̀lé ara wọn. Ó wá “kòkó” lábẹ́ K. Lábẹ́ kòkó ni ó ti rí “àrùn”, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, àkọlé kékeré méjì ni ó bá: ọ̀kan ń sọ nípa àrùn tí ń sọ èso di dúdú, èkejì ń sọ nípa àrùn tí ń mú ẹ̀ka wú. Kò tíì ka ìlà kan, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí aládùúgbò kò mọ̀, pé àrùn méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan.

Àwòrán wà lábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan. Èso kan ni a yà sí ti àkọ́kọ́, tí àbàwọ́n ń gbòòrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sọ pé nígbà òjò, àbàwọ́n náà lè bo gbogbo èso láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀ka igi ni a yà sí èkejì, tí ó wú bí oríkèé ìka tí ó ń dunni, pẹ̀lú ewé tí iṣan rẹ̀ pọ́n, àti èso tí ó kéré tí ó sì rí roboto. Ọmọ náà gbé èso tí bàbá rẹ̀ mú wá sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, ó wò ó, ó tún wò ó.

“Bàbá, ǹjẹ́ ẹ rí ibi tí ẹ̀ka àwọn igi náà wú?”

“Rárá o. Ẹ̀ka wọn wà bí ó ti wà.”

Àwòrán nìkan kò tó, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo àwòrán tán lè rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ka ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ àkọlé méjèèjì. Ó rí i pé fún àrùn èso dúdú, èso tí ó ti bàjẹ́ ni a ń já kúrò, kì í ṣe igi ni a ń gé; a óò ro oko dáadáa, a óò dín ìbòòji kù kí atẹ́gùn lè fẹ́ síbẹ̀, a óò sì fín oògùn tí a fi bàbà ṣe sára èso. Àrùn ẹ̀ka wíwú ni kò ní oògùn. Kòkòrò funfun kéékèèké ni ó ń gbé e láti igi dé igi, gígé ni a sì ń gé igi tí ó bá mú. Ní ọdún 1936 ni a kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà nísisìyí, a sì rí i ní Nàìjíríà ní 1944. Nítorí náà aládùúgbò kò purọ́. Ọ̀rọ̀ àrùn kan ni ó gbé ka orí àrùn mìíràn.

Àwọn àmì wọ̀nyí kò bá ìwé wáyé. Bí a bá ní kí a ṣí Jòhánù orí kẹta, ẹsẹ kẹrìndínlógún, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kì í pẹ́ kí ó tó rí i; bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò fi orí tàbí ẹsẹ sí i. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá ni a pín Bíbélì sí orí bí a ti ń lò ó lónìí, orúkọ Stephen Langton, tí ó di Àrẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Canterbury, ni a sì máa ń dá mọ́ iṣẹ́ náà. Ní ọ̀rúndún kan náà, àwọn ẹlẹ́sìn Dominican ní Paris to àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ, wọ́n fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà hàn, kí oníwàásù má baà máa ṣí ìwé kiri. Ní 1551, òǹtẹ̀wé ará Faransé kan, Robert Estienne, fi nọ́ńbà sí àwọn ẹsẹ Májẹ̀mú Titun. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá pé ní 1884, àwọn àmì náà bá a wá.

Kì í ṣe ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó ń fò wọ́n. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńlá máa ń ṣí kọjá. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a tẹ̀ ní 1921, yóò rò pé bí Johnson ti kọ ọ́ gan-an ni ó wà níwájú òun. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ni ó sọ fún wa pé èyí tí ó kọ parí ní 1897 sọnù lẹ́yìn tí a ti fi ránṣẹ́ fún títẹ̀, àti pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Ọwọ́ ẹni méjì ni ó wà nínú ìwé náà. Ojú ewé tí ó ka àwọn orí rẹ̀ sílẹ̀ sì fi hàn pé apá kìíní sọ nípa èdè, orúkọ àti àṣà, apá kejì sì sọ nípa àwọn ọba àti ogun. Ẹni tí ó ń wá bí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ kò ní láti la ogun kọjá.

Àmì kan ṣì kù tí ojú kì í sábà tó: ọdún tí a tẹ ìwé. Nígbà tí bàbá ọmọ yẹn gbọ́ pé igi òun kò ní kú, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí ó wo ohun tí ìwé sọ nípa kòkòrò tí ń mu omi ara kòkó. Ìwé náà yin Gamalin 20 púpọ̀. Ọmọ náà ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọ́kọ́, ó rí i pé 1968 ni a tẹ̀ ẹ́. Lindane ni oògùn tí ó wà nínú Gamalin 20, ní 2009 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè fi í sí ara àwọn tí a gbọ́dọ̀ fi òpin sí lílò wọn lóko, nítorí ìpalára tí ó ń ṣe fún ènìyàn àti ẹranko. Ọmọ náà kò mọ èyí. Ọdún náà nìkan ni ó fi ìka tọ́ka sí, ó bi bàbá rẹ̀ bí oògùn ayé ìgbà náà bá ṣì ni oògùn ti ìsisìyí. Bí ilẹ̀ ti mọ́, bàbá já àwọn èso tí ó ti dúdú, ó sì gba ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ láti béèrè. Igba igi náà ṣì wà ní ìdúró létí odò.