Ogun Waterloo

Láti ọdún 1799 títí di ọdún 1814, kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń ba àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́rù tó Napoleon Bonaparte. Ọmọ erékùṣù Corsica ni. Iṣẹ́ ológun ni ó sì bá dé orí oyè ọba ńlá ilẹ̀ Faransé. Ó ṣẹ́gun Austria, ó ṣẹ́gun Prussia, ó sì fi àwọn arákùnrin rẹ̀ jẹ ọba ní ìlú onílùú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1812 ó kó ogun lọ sí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ebi àti òtútù sì run ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ-ogun rẹ̀. Ní ọdún 1814 àwọn ọ̀tá rẹ̀ wọ Paris, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí erékùṣù kékeré kan tí a ń pè ní Elba.

Kò pé ọdún kan níbẹ̀ tí ó fi yọ́ jáde. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1815, ó tún wọ Paris. Àwọn ọmọ-ogun tí ọba tuntun rán láti mú un ti yí padà sí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì, Prussia, Austria àti Rọ́ṣíà dá májẹ̀mú láti pawọ́ pọ̀ bá a jà. Napoleon mọ̀ pé bí gbogbo wọn bá péjọ, apá òun kò ní í ká wọn. Ó yára kọlu àwọn tí ó sún mọ́ ọn jù, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí: ogun Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn alájọṣe wọn lábẹ́ Wellington, àti ogun Prussia lábẹ́ Blücher. Ète rẹ̀ ni láti bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, kí ó sì ṣẹ́gun wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Díẹ̀ ni ó kù kí ète náà yọrí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ó ṣẹ́gun Blücher ní Ligny. Arúgbó ẹni ọdún 72 ni Blücher. Ẹṣin rẹ̀ ṣubú lù ú lójú ìjà, díẹ̀ báyìí ni ọwọ́ ọ̀tá ìbá fi tẹ̀ ẹ́. Napoleon rò pé ilé ni àwọn ará Prussia ń sá lọ. Ó fún Ọ̀gágun Grouchy ní nǹkan bí 33,000 ọmọ-ogun kí ó máa lépa wọn, òun fúnra rẹ̀ sì dojú kọ Wellington. Kò mọ̀ pé Wavre ni Blücher forí lé, ibi tí kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ sí ọ̀dọ̀ Wellington. Wellington ti ránṣẹ́ sí i pé òun yóò dúró jà ní òkè Mont-Saint-Jean, nítòsí Waterloo, bí ó bá lè wá ran òun lọ́wọ́. Blücher sì ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀.

Òjò ńlá rọ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18, Napoleon dúró kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ nítorí àwọn àgbá rẹ̀. Ó tó nǹkan bí agogo mọ́kànlá ààbọ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 72,000 ni ọmọ-ogun rẹ̀. Ti Wellington tó nǹkan bí 68,000. Ní ọ̀sán, Ọ̀gágun Ney kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin ya lu àwọn ẹlẹ́sẹ̀ Wellington. Àwọn wọ̀nyí tò ní onígun mẹ́rin, wọ́n na ọ̀bẹ ẹnu ìbọn wọn síta, àwọn ẹṣin kò sì lè wọlé. Síbẹ̀ ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà, abúlé oko La Haye Sainte, tí ó wà ní iwájú wọn gan-an, bọ́ sí ọwọ́ Faransé.

Grouchy gbọ́ ìró àgbá láti òkèèrè. Ọ̀gágun Gérard rọ̀ ọ́ pé kí wọ́n kọjú sí ibi tí ìró náà ti ń wá. Grouchy kọ̀, ó ní àṣẹ tí a pa fún òun ni láti lépa àwọn ará Prussia. Àwọn àgbà ní, bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Grouchy jẹ́ ẹ bí a ti rán an gẹ́lẹ́. Ní wákàtí kan náà, Blücher, pẹ̀lú gbogbo ìrora ara rẹ̀, ń gba àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ níyànjú bí wọ́n ti ń wọ́ àgbá nínú ẹrẹ̀. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀, àwọn aṣáájú wọn yọ láti inú igbó sí ìhà ọ̀tún Napoleon.

Ní ìrọ̀lẹ́, Napoleon rán àwọn Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, akọni tí ó fi pamọ́ de ìgbà ìpọ́njú, gun òkè náà. Ìbọn Wellington dá wọn padà. Bí àwọn Faransé yòókù ti rí i pé Ẹ̀ṣọ́ ń fà sẹ́yìn, tí ogun Prussia sì ń ya wọlé, ọkàn wọn pami, wọ́n sì fọ́n ká. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ìhà méjèèjì ti lé ní 40,000.

Ní ọjọ́ kẹrin, Napoleon kọ oyè sílẹ̀. Wọ́n kó o lọ sí erékùṣù Saint Helena, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1821. Títí di òní, bí ẹni tí ó ti ń borí bá pàdé ohun tí ó borí rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a ní ó ti bá Waterloo rẹ̀ pàdé. Orúkọ Wellington ni ó gbilẹ̀ jù nínú ìtàn ìṣẹ́gun náà, ṣùgbọ́n ìfaradà rẹ̀ nìkan kì bá tí tó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ẹnì kan dúró de ìlérí, ẹnì kejì sì mú un ṣẹ.