Orin Àtá àti Sẹ́ẹ̀lì Pupa

Kò sí ẹni tí a tọ́ dàgbà ní Igbaye, ní Òkukù tàbí ní Ìníṣà tí kò mọ orin àtá, bí ó ti ń ta ni lẹ́nu tí ahọ́n a sì dà bí ẹni pé ó kú fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ní ọdún 1971 a gbé gbòǹgbò igi yìí wọ yàrá ìwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a sọ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ kò kan eyín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo sẹ́ẹ̀lì pupa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa. Ó rí roboto, ó sì rí pẹlẹbẹ bí owó, àárín rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ká ara rẹ̀ gba inú iṣan tí ó tín-ín-rín jù ú lọ kọjá. Òun ni ó ń ru ọ́síjìn kiri ara, a sì máa lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kí ó tó kú. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ tí ó jogún àbùkù ẹ̀jẹ̀ yìí lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ìyá, bí sẹ́ẹ̀lì bá ti gbé ọ́síjìn sílẹ̀, àwọn èròjà pupa inú rẹ̀ a so kọ́ ara wọn bí okùn gígùn, wọn a sì fà á tẹ̀ bí dòjé. A le gbagidi, a sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé a máa ro ọmọ náà dé mùdùnmúdùn. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í sábà lò ju ọjọ́ 20 lọ. Èyí ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, a sì ní ìdí láti rò pé òun ni ó pa díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú láyé àtijọ́. Ní 1910 ni Herrick kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú sẹ́ẹ̀lì yìí, ní Chicago, lára Walter Clement Noel, ọmọ Grenada. (Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni, iṣẹ́ eyín ni ó sì ń kọ́!)

Abáyọ̀mí Ṣófowórà, onímọ̀ ewé àti egbò, àti W. A. Isaacs ni wọ́n bi gbòǹgbò àtá léèrè ní Ifẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ti tẹ̀, ǹjẹ́ ó lè padà bọ̀ sípò? Wọ́n fi omi gbòǹgbò náà kan irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń padà sí ìrísí rẹ̀.

Níhìn-ín ni kí a ti rọra. Nínú ìgò, oògùn àti sẹ́ẹ̀lì fara kanra. Nínú ara, oògùn ní láti la ikùn àti ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ sì lè yí i padà. Bí ó bá sì dé inú ẹ̀jẹ̀, ó lè ṣe sẹ́ẹ̀lì mìíràn léṣe. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ sọ fún òbí kankan pé kí ó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, kí ó máa fún ọmọ rẹ̀ ní orin jẹ.

Ohun kan wà tí ó wà ní ọwọ́ olùkọ́. Bí omi bá dín nínú ara, omi inú sẹ́ẹ̀lì náà a dín. Àwọn èròjà pupa a súnmọ́ ara wọn, wọn a sì tètè so kọ́ra. Nítorí náà bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá nawọ́ pé òun fẹ́ mu omi, kí a jẹ́ kí ó lọ, bí aago kò tilẹ̀ tí ì lù.