Èédú àti Kábọ́ọ̀nù Nínú Èdè-Ìperí Iṣẹ́ Igbó

Ẹni tí ń ta èédú ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun mọ ohun tí ó ń tà. Igi ni a gé, tí a tò jọ, tí a fi koríko àti erùpẹ̀ bò, tí a sì tiná bọ̀ kí ó máa jó láìrí afẹ́fẹ́ tó. Omi àti èéfín a jáde. Ohun dúdú tí ó ṣẹ́kù ni èédú.

Ìṣòro dé nígbà tí olùtumọ̀ bá fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà pe kábọ́ọ̀nù. Kábọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwúwo igi gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èédú nínú igi náà. Bí kìlógíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù bá jó tán, kìlógíráàmù 44 gáàsì kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì ni yóò bá afẹ́fẹ́ lọ, nítorí ọ́síjìn ti kún un. Ta ni yóò pe gáàsì tí kò ní àwọ̀ ní èédú?

Nítorí náà, “ìmúèédúkúrò” yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Yóò rò pé òwò ìyá òun ni ìjọba fẹ́ fòpin sí. “Ìdínkábọ́ọ̀nùkù” sàn jù. Ó bá bátànì “ìdáwọ́dúró” mu (dá…dúró, dín…kù), ó sì gba ọgbọ́n tuntun láàyè: gbígbin mẹláínà tí ń tètè dàgbà, tí yóò sì máa fa gáàsì náà padà; tàbí ìléru irin tí èédú rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti òkìtì erùpẹ̀ lọ láti inú iye igi kan náà. Kí èédú máa jẹ́ orúkọ ohun tí ó wà nínú àpò lọ́jà.