Nọ́ńbà Ilé Yín Ńkọ́? Bí A Ṣe Ń Fi Í Sórí Máàpù Íntánẹ́ẹ̀tì

Tí ẹ bá ń júwe ilé yín fún àlejò, kí lẹ máa ń sọ? "Tó o bá dé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, bi wọ́n léèrè ilé Ìyá Alákàrà." Ìyẹn dára lọ́sàn-án. Àmọ́ tí iná bá ń jó lóru, ta ni awakọ̀ panápaná fẹ́ bi léèrè? Nọ́ńbà ilé tó wà lórí máàpù lè ràn án lọ́wọ́.

OpenStreetMap ni máàpù tí a máa lò lónìí. Steve Coast ló dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi nǹkan kún un, bíi ti Wikipedia. Ẹni tó jókòó sí Jámánì lè wo àwòrán sátẹ́láìtì kó sì ya òrùlé ilé yín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kì í rí nọ́ńbà ara ògiri. Ẹni tó wà ládùúgbò ló lè kà á.

Ta ló ni nọ́ńbà?

Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ń fẹ́: nọ́ńbà, àti ohun tó ni nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà á wọ addr:housenumber. Tó bá jẹ́ ti títì, orúkọ títì á wọ addr:street.

Ibí ni Ìbàdàn ti yàtọ̀. Láwọn àdúgbò àtijọ́ níbẹ̀, ẹ máa rí ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SW9/ tàbí N5/ lára ògiri. Lẹ́tà ń tọ́ka sí apá ìlú: N ni àríwá, SW ni gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ti wọ́ọ̀dù, èyí tó gbẹ̀yìn ni ti ilé. Irú èyí kì í ṣe ti títì, ti àdúgbò ni. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pátá bó ṣe wà lára ògiri, kí ẹ wá fi orúkọ àdúgbò, bíi Òkè-Àdó, sínú addr:place dípò addr:street.

Ṣé GPS nìkan kò tó ni?

Kò tó o. Fóònù ń mọ ibi tí ẹ wà nípa wíwọn àkókò tí ìgbì rédíò fi ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì dé ọ̀dọ̀ yín. Ìgbì yìí ń sáré tó nǹkan bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí àkókò bá fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù 100 ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀, ó ti di mítà 3. Níta gbangba, fóònù lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà. Níbi tí ilé ti fún mọ́ra, ìgbì á ta mọ́ ògiri kó tó dé fóònù, àṣìṣe á tún pọ̀ sí i. Mítà 5 sì ti tó láti gbé nọ́ńbà yín sórí ilé aládùúgbò!

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é

1. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí OpenStreetMap. Ọ̀fẹ́ ni.
2. Ẹ gba áàpù Every Door. Ó wà fún Android àti iPhone.
3. Ẹ rìn dé iwájú ilé, kí ẹ fi ojú ara yín ka nọ́ńbà.
4. Ẹ fi òrùlé inú àwòrán wé ilé tí ẹ ń wò. Ẹ ka ilé láti kọ́nà títì, ẹ má gbára lé àmì GPS.
5. Ẹ kọ nọ́ńbà, kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹ má méfò. Tí ẹ bá rí 3 àti 7, ẹ má sọ pé 5 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín. Awakọ̀ tí kò rí nọ́ńbà á béèrè ọ̀nà, ṣùgbọ́n èyí tó rí nọ́ńbà tí kì í ṣòótọ́ á gba ilé ẹlòmíì lọ tààrà. Ẹ má sì da nọ́ńbà kọ láti orí Google Maps, torí ó ní olówó. Orúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ pẹ̀lú.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú ẹ̀gbẹ́ títì kan péré. Tí ilé 10 bá ní nọ́ńbà lórí máàpù, ilé 10 nìyẹn tí aláìsàn inú wọn kò ní máa retí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó ń wá "ilé Ìyá Alákàrà" kiri.