Orí Mútíù Adépòjù

Ìbàdàn wa yìí ni a bí Mútíù Adépòjù sí, ní ọdún 1970. Àárín pápá ni ipò rẹ̀. Headmaster, èyí ni ọ̀gá ilé-ìwé, ni wọ́n ń pè é, nítorí ó mọ bí a ti ń fi orí kan bọ́ọ̀lù. Àwa tí a ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní tòótọ́, a ò lè kàn án rárá!

Spéènì ni ó ti ń gbowó iṣẹ́ nígbà tí Nàìjíríà pàdé Spéènì nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1998. Ṣé ẹni tí ń jẹun níbẹ̀ yóò gbá a tọkàntọkàn? Spéènì kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé. Kò pẹ́, bọ́ọ̀lù dé láti igun pápá. Adépòjù fò sókè, ó kàn án, ó wọlé! A borí, 3 sí 2.

Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, àwọn Spéènì yìí kan náà ni wọ́n fi í ṣe aṣojú líìgì wọn ní ilẹ̀ wa.